Quadri Àrúnà: Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó fi báàtì la ọ̀nà fún ilẹ̀ Áfíríkà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní ìlú Rio de Janeiro lórílẹ̀-èdè Bràsílì, ọmọ Yorùbá kan ṣe ohun tí ọkùnrin kankan láti ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣe rí nínú eré ẹyin orí tábìlì ní ìdíje Òlíḿpíìkì. Quadri Àrúnà, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀yọ́, wọ ìpele tí ó ku ẹni mẹ́jọ péré, èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń pè ní kọ́tà-fáínà. Ọdún 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ fi eré náà kún Òlíḿpíìkì nígbà tí wọ́n ṣe é ní ìlú Seoul. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko ló kọjá kí ọkùnrin Áfíríkà kan tó dé ibẹ̀.

Bí a bá ní kí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà máa ka orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè nípa àwọn tó ń gbá ẹyin orí tábìlì, ẹnu yóò wọ́hò. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a to ìtàn ọkùnrin yìí lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tí ó jẹ́, irú eré tí ó ń ṣe, àwọn tí ó bá pàdé, ibi tí ó borí àti ibi tí wọ́n ti borí rẹ̀. Nínú ìtàn náà ni a ó ti rí i pé ẹ̀bùn ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń gbé ènìyàn dé òkè nínú eré yìí. Ọ̀nà tí ó gùn wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí méjèèjì, bí ọwọ́ rẹ̀ yá bí iná, ilé ni yóò ti máa na àwọn ará ilé.

Ta ni Quadri Àrúnà?

Ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1988 ni wọ́n bí i ní ìlú Ọ̀yọ́. Nígbà náà, ó dín díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Òlíḿpíìkì ti Seoul tí a mẹ́nu bà lókè yìí tó bẹ̀rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọjọ́ orí eré yìí nínú Òlíḿpíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba.

Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbá ẹyin. Ohun ìjà rẹ̀ tí àwọn alátakò mọ̀ ọ́n sí jùlọ ni ìgbá àtẹ́lẹwọ́, ìyẹn ìgbá tí àtẹ́lẹwọ́ ẹni máa ń dojú kọ ẹyin. Bí ẹyin bá tilẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ òsì tábìlì, ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ dá a padà, Àrúnà a máa fi ẹsẹ̀ yára yí ká kí ó lè fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Irú eré bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ itan tí ó le àti ẹ̀mí gígùn, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe é ń sáré ju alátakò rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gbá ẹyin orí tábìlì

Nítorí àwọn òǹkàwé wa tí wọn kò tíì jókòó wo eré náà tán rí, ó dára kí a ṣàlàyé díẹ̀. Tábìlì tí wọ́n ń lò gùn ní mítà 2.74, ó fẹ̀ ní mítà 1.525, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 76 láti ilẹ̀. Àwọ̀n tí ó pín tábìlì sí méjì ga ní sẹ̀ǹtímítà 15.25. Ẹyin náà wúwo ní gíráàmù 2.7 péré, ó sì fẹ̀ ní mìlímítà 40. Mìlímítà 38 ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 2000 ni àwọn alákòóso mú un tóbi sí i kí eré lè rọra díẹ̀, kí ojú àwọn òǹwòran sì lè máa tẹ̀lé e. Ní ọdún 2014, wọ́n tún yí ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹyin náà padà, wọ́n pa ẹyin celluloid àtijọ́ tì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹyin tí wọ́n fi ike ṣe.

Pákó ni wọ́n fi ń ṣe báàtì, wọ́n a sì lẹ rọ́bà mọ́ ojú rẹ̀. Rọ́bà yìí ló ń fún ẹyin ní agbára láti máa yí bí òkòtó bí ó ti ń fò lọ. Ẹyin tí ó ń yí kì í lọ tààrà. Bí ó bá kan tábìlì, ó lè fò sókè lójijì, ó sì lè yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ka yíyí ẹyin kò ní mọ ibi tí yóò gbé báàtì sí. Rọ́bà kì í pẹ́ gbó bí ènìyàn bá ń gbá ẹyin lójoojúmọ́, nítorí náà owó rírà rẹ̀ kì í tán.

Títí di ọdún 2001, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ní àmì 21 ló ń jẹ abala kan. Láti ìgbà náà, àmì 11 ni, ṣùgbọ́n olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àmì méjì ju ẹnì kejì lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì méjì ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń ju ẹyin síta kí ó tó kan ẹnì kejì. Nínú ìdíje ẹlẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní Òlíḿpíìkì, abala méje ló wà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ mẹ́rin ló borí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí 4-2 nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnì kan jẹ abala mẹ́rin, ẹnì kejì jẹ méjì.

Àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀

Àrúnà kọ́ ló kọ́kọ́ gbé báàtì dání ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1980, orúkọ Àtàndá Músá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ràn eré yìí ní Áfíríkà. Òun àti Yọ̀mí Bánkọ́lé wà lára àwọn tí ó ṣojú Nàìjíríà ní Seoul nígbà tí eré náà kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì. Lẹ́yìn wọn ni Ṣẹ́gun Tóríọlá dé, ọkùnrin tí ó kópa nínú Òlíḿpíìkì ẹ̀ẹ̀meje, láti ti Barcelona ní 1992 títí dé ti Rio ní 2016. Láàárín àwọn obìnrin, Bọ́sẹ̀ Kaffo lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, Fúnkẹ́ Oshonaike náà sì lọ lẹ́ẹ̀meje, láti 1996 títí dé ti Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021.

Kò sí bí a ó ṣe dárúkọ àwọn wọ̀nyí tí a kò ní dárúkọ Olóyè Molade Okoya-Thomas, Aṣojú Ọba ti Èkó, tí ó dá ìdíje ife Aṣojú Ọba sílẹ̀ ní ọdún 1968. Ọdọọdún ni olóyè náà ń ná owó ara rẹ̀ sí ìdíje yìí kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí ibi tí wọn yóò ti bá ara wọn fà á. Ó papò dà ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Súrùlérè, lẹ́bàá pápá ìṣeré Teslim Balógun, ṣì ni ibi tí àwọn àgbà òṣèré láti orílẹ̀-èdè gbogbo ń wá pàdé bí ìdíje bá wáyé ní Èkó.

Ohun tí àwọn tó ṣáájú wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ Nàìjíríà múlẹ̀ ní Áfíríkà. Ohun tí ó kù láti ṣe ni kí ẹnì kan jáde láti Áfíríkà, kí ó bá àwọn tí ó wà ní òkè pátápátá wọ ìjàkadì, kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn bá ẹnì kan pàdé.

Düsseldorf, 2014

Oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni àgbáyé kọ́kọ́ dúró wo Àrúnà dáadáa. Ìdíje ife àgbáyé ti àwọn ọkùnrin ló wáyé ní Düsseldorf, ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn tí wọ́n ń pè síbẹ̀ kì í pọ̀, àṣàyàn sì ni gbogbo wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò kà sí, ó sì dé ìpele ẹni mẹ́jọ, ibi tí ọmọ Áfíríkà kankan kò dé rí nínú ìdíje náà.

Zhang Jike ti ilẹ̀ Ṣáínà, ẹni tí ó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní London ní 2012, ló dá a dúró. Kì í ṣe ìtìjú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ borí ènìyàn. Zhang yìí náà ló gba ife náà lẹ́yìn tí ó na Ma Long, ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ní àṣekágbá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ẹsẹ̀ fọ́ àwọn pátákó ìpolówó tí wọ́n tò yí ibi eré ká, àwọn alákòóso sì fi owó ẹ̀bùn rẹ̀ gba ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọdún náà parí, àjọ tí ó ń ṣàkóso ẹyin orí tábìlì lágbàáyé fi oyè òṣèré ọkùnrin tí ìràwọ̀ rẹ̀ tàn jùlọ ní 2014 dá Àrúnà lọ́lá. Nínú eré tí àwọn ará Ṣáínà ti sọ di oko bàbá wọn, ọmọ Nàìjíríà ló gba oyè náà.

Rio, 2016

Ẹni tí ó bá rò pé ti Düsseldorf kàn ṣèèṣì ni, ti Rio ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Chuang Chih-yuan ti Taiwan wà lára àwọn àgbà tí Àrúnà kọ́kọ́ bá pàdé. Ọkùnrin náà ló ṣe ipò kẹrin ní London ní 2012. Àrúnà na án ní 4-0, kò jẹ́ kí ó rí abala kan ṣoṣo jẹ.

Ẹni tí ó tẹ̀lé e ni Timo Boll. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré yìí mọ̀ pé Boll kì í ṣe ẹni tí a ń fi ẹnu lásán dárúkọ. Ó ti jẹ́ ẹni kìn-ín-ní lágbàáyé rí ní ọdún 2003, òun náà sì ni ilẹ̀ Jámánì gbé àsíá lé lọ́wọ́ nígbà tí àwọn òṣèré gbogbo orílẹ̀-èdè ń wọlé ní ọjọ́ ìṣíde Òlíḿpíìkì náà. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ẹyin rẹ̀ sì máa ń yí bí ìjì. Àrúnà borí rẹ̀ ní 4-2. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ Áfíríkà wọ ìpele ẹni mẹ́jọ.

Ma Long ló dúró dè é níbẹ̀, ó sì na án ní 4-0. Ma Long kan náà ló gba góòlù ẹlẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí ó sì tún gbà á ní Tokyo. Ilẹ̀ Ṣáínà ló kó gbogbo góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà fún ẹyin orí tábìlì ní Rio. Bí a bá wo èyí, a ó rí i pé ẹni tí ó borí Àrúnà ní 2014 àti ẹni tí ó borí rẹ̀ ní 2016, àwọn méjèèjì ló gba ìdíje náà lọ. Kò sí ìgbà kan nínú méjèèjì tí ẹni kékeré dá a dúró.

Ìdí tí ó fi kúrò nílé

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ọmọ náà kọ́kọ́ dé ibi tí àgbà ti ń jẹun. Àwọn àgbà eré yìí wà ní Ṣáínà, Jápáànù, Kòríà àti ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Yúróòpù, àwọn ẹgbẹ́ wà tí ń san owó oṣù fún àwọn òṣèré, bí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń ṣe. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn òṣèré wọ̀nyí ń pàdé ara wọn. Ohun tí ọmọ Nàìjíríà lè rí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ojoojúmọ́ ni ọmọ Jámánì ń rí i.

Èyí ló mú kí Àrúnà lọ máa ṣe iṣẹ́ eré rẹ̀ ní òkèèrè. Ó gbá ẹyin fún ẹgbẹ́ Sporting ti ìlú Lisbon ní ilẹ̀ Pọ́rtúgàl, lẹ́yìn náà ó lọ sí ẹgbẹ́ Fulda-Maberzell ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí líìgì ẹyin orí tábìlì ti le gan-an. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń ka ẹyin àwọn ènìyàn tí ó jẹ́ pé orí rédíò nìkan ni à bá ti máa gbọ́ orúkọ wọn.

Ètò ipò lágbàáyé tún jẹ́ ìdí mìíràn. Láti ọdún 2018, àjọ àgbáyé yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń to àwọn òṣèré padà. Èsì mẹ́jọ tí ó dára jùlọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan láàárín oṣù méjìlá ni wọ́n ń kà. Àmì tí ènìyàn gbà lónìí yóò parẹ́ bí ọdún bá yípo, bí olúwarẹ̀ kò bá sì jáde lọ wá òmíràn, ipò rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò nà án. Ìtumọ̀ èyí fún ọmọ Áfíríkà ni pé ẹni tí kò bá rí owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé ìtura àti ìwé ìrìnnà gbà lákòókò, bí ẹni pé wọ́n ti nà án ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín Yúróòpù lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìdíje mẹ́ta, nígbà tí ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Adó-Èkìtì ṣì ń tò sórí ìlà níwájú ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, Àrúnà ń gòkè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé ní ìlú Houston, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó máa wáyé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àrúnà dé ìpele ẹni mẹ́jọ níbẹ̀ náà, kí Truls Möregårdh, ọ̀dọ́mọkùnrin láti ilẹ̀ Swídìn, tó fàgbà hàn án ní 4-2. Möregårdh dé àṣekágbá ìdíje náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, orúkọ Àrúnà bọ́ sí ipò kẹwàá lágbàáyé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò wọ inú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ibi tí kò ti rọgbọ

Ìtàn tí ó bá ka ìṣẹ́gun nìkan kò pé. Ní ìdíje Commonwealth tí wọ́n ṣe ní Gold Coast, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní 2018, Àrúnà dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n Gao Ning ti Singapore ló gba góòlù, fàdákà sì ni ọmọ wa mú bọ̀. Nínú ìdíje ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ níbẹ̀ náà, ilẹ̀ Íńdíà ló borí Nàìjíríà ní àṣekágbá.

Òlíḿpíìkì ti Tokyo, tí àrùn Kòrónà sún láti 2020 sí 2021, kò ṣe ẹnuure fún un. Gustavo Tsuboi ti ilẹ̀ Bràsílì ló lé e jáde nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Paris ní 2024, Eduard Ionescu ti Románíà tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Bí ó bá sì jẹ́ ti Áfíríkà fúnra rẹ̀, Omar Assar ti ilẹ̀ Íjíbítì ni òkè tí Àrúnà ń gùn láti ìgbà pípẹ́ wá. Àwọn méjèèjì ni àwọn olóòótọ́ máa ń retí ní àṣekágbá bí ìdíje Áfíríkà bá ti ń bọ̀, Assar sì ti gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Kódà, ìlẹ̀kùn tí Àrúnà kọ́kọ́ ṣí ní Rio, Assar ni ó gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn rẹ̀: ó dé ìpele ẹni mẹ́jọ ní Tokyo, ó tún dé ibẹ̀ ní Paris.

Ó yẹ kí a ronú lórí èyí. Ìlẹ̀kùn tí ọmọ Nàìjíríà ṣí, ọmọ Íjíbítì ni ó gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn kò tíì gba ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Tháílándì

Irú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, nínú eré mìíràn tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì. Snooker ni eré náà, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti àwọn bọ́ọ̀lù aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú ihò lórí tábìlì aláṣọ ewé. Àwọn ọmọ Bìrìtìkó ló ni í, àwọn ló sì ń jẹ gàba lórí rẹ̀. Ní Bangkok, olú ìlú Tháílándì, ni wọ́n ti bí James Wattana ní ọdún 1970. Ó gba ife àgbáyé ti àwọn tí kò tíì fi eré náà ṣe iṣẹ́ ní 1988, ó sì di ẹni tí ń fi í ṣe iṣẹ́ ní 1989. Òun náà fi ilé sílẹ̀ lọ bá àwọn onílé jà nínú ilé wọn. Ní 1994, ó ti di ẹni kẹta lágbàáyé.

Títí dé ibí yìí, ìtàn Wattana àti ti Àrúnà jọra. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní àsìkò tí òkìkí Wattana ń kàn, ìdíje ńlá tí ó ní àmì ipò lágbàáyé wà ní Tháílándì fúnra rẹ̀, àwọn àgbà òṣèré ń wá síbẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń wò wọ́n lójú korojú. Wattana gba ìdíje náà níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ ní 1994 àti 1995. Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò sì kéré. Thepchaiya Un-Nooh gba ife ńlá kan ní 2019, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Nutcharut Wongharuthai sì gba ife àgbáyé ti àwọn obìnrin ní 2022. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Tháílándì gbin igi àkọ́kọ́, wọ́n sì rántí láti bomi rin ilẹ̀ tí ó yí i ká.

Nàìjíríà náà ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 2023, ìdíje àgbáyé tí ó ní àmì ipò wá sí Èkó lábẹ́ àkóso World Table Tennis, ní gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀, nítorí pé ọmọ ilé tí kò rí owó ọkọ̀ òfuurufú yóò lè bá àwọn àgbà pàdé láì kọjá òkun. Ṣùgbọ́n Èkó nìkan kọ́ ni Nàìjíríà.

Ọmọ tí ó wà ní Aràmọkọ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ní agbègbè Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọmọ tí ó bá gbéra ní Ìjerò tí ó ń lọ sí ìdíje kan ní Èkó yóò gba Aràmọkọ, yóò gba Ìta-Awúré, yóò gun òkè Ẹ̀fọ̀n, yóò sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀nà Ìlẹ́ṣà kí ó tó forí lé Ìbàdàn. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn, àwọn òbí rẹ̀ ni yóò gbé e. Kí ó tó kan ọ̀rọ̀ Lisbon tàbí Jámánì, Èkó gan-an ti jẹ́ ìrìnàjò.

Síbẹ̀, bí eré kan bá wà tí ó bá ilẹ̀ olókè bí tiwa mu, ẹyin orí tábìlì ni. Pápá bọ́ọ̀lù ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì fẹ̀, èyí tí kò rọrùn láti rí láàárín àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n. Tábìlì kan kò fẹ́ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n kó àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí pé ẹyin náà fúyẹ́, inú ilé ló ti yẹ kí wọ́n máa gbá a kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Òjò kì í sì í dí ohun tí ó wà nínú ilé lọ́wọ́.

Kò di dandan kí a retí tábìlì tí yóò ti òkè òkun dé. Káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè fi ìwọ̀n tí a kọ sókè yìí kan án. Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò kò le: òfin eré náà sọ pé bí a bá ju ẹyin sílẹ̀ láti gíga sẹ̀ǹtímítà 30, ó gbọ́dọ̀ fò sókè tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23 níbi gbogbo lórí tábìlì náà. Bí ó bá fò dáadáa ní àárín ṣùgbọ́n tí kò fò ní etí, pákó náà kò dọ́gba, kí káfíńtà tún un ṣe.

Tábìlì nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ tí yóò máa bójú tó wọn, báàtì tí rọ́bà rẹ̀ kò tíì gbó, àti ìdíje tí yóò máa wáyé léraléra láàárín àwọn ilé ìwé. Bí ilé ìwé kan ní Ìjerò bá ń pàdé ti Aràmọkọ, tí ti Aràmọkọ ń pàdé ti Ẹ̀fọ̀n, láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ náà yóò ti pàdé oríṣiríṣi ọwọ́. Ohun tí Àrúnà lọ wá ní Yúróòpù kò ju èyí lọ: kí ó máa bá ọwọ́ tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó ti mọ̀ pàdé ní gbogbo ìgbà. Irú ètò tí Olóyè Okoya-Thomas fi owó ara rẹ̀ gbé dúró ní Èkó láti 1968, kò sí òfin tí ó ní kí ọlọ́lá kan láti Èkìtì má ṣe irú rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bí ní 1988 kò lè máa bá àwọn ọmọ ogún ọdún sáré títí láé. Àrúnà ti ṣe tirẹ̀. Ó ti fi hàn ní Düsseldorf, ní Rio àti ní Houston pé ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Yorùbá lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni lágbàáyé kí ó sì bá a gbá ẹyin. Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ti àwọn ọ̀gá ilé ìwé, ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tí ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù, àti ti ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó pákó àti owó ọkọ̀ láti fi ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ.